Ẹ má fi ilẹ̀kùn bàbá yín dáná mọ́ o! Pákó àlòkù tí wọ́n ń jù nù l'Ótù, férémù fọ́tò ńlá ló wà nínú ẹ̀

Bí ilé àtijọ́ bá ti ń wó lọ báyìí, tàbí tí ọmọ tó rí towó ṣe bá ti ní òun fẹ́ tún ilé bàbá òun kọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ dànù ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé onípákó. Wọ́n á ní ayé ti kọjá ìyẹn, irin àti gíláàsì ló kù tí wọ́n ń lò. Káfíńtà á fi òòlù gbá a yọ, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ilé, òjò á máa pa á, oòrùn á máa pa á. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ tí gáàsì wọ́n, tí kẹrosíìnì ò ṣeé dáwọ́ lé, ìyá àgbà á ní kí wọ́n wá àáké wá, kí wọ́n là á kí àwọn fi rokà. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilẹ̀kùn tí bàbá fi owó oko ṣe ti di eérú. Kò sì sí ẹni tó máa sunkún lé e lórí, wọ́n á ní ṣebí igi lásán ni, igi kì í sì í tán nígbó.

Irọ́ ni o. Igi ń tán nígbó. Èyí tó tún wá burú jù ni pé, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn yẹn dáná, fọ́tò bàbá tó ni ilẹ̀kùn lè wà nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, tí omi òjò ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá béèrè ìdí tí wọn ò fi gbé e kọ́, wọ́n á ní kò sí férémù. Kò sí férémù kẹ̀? Férémù ọ̀hún ló wà lábẹ́ ìkòkò yẹn tó ń jó!

Ìlú Òtù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà l'Ókè-Ògùn, níbi tí ilẹ̀ ọ̀dàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fẹ̀ lọ títí dé bodè orílẹ̀-èdè Benin. Àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti fọ́n ká, wọ́n wà n'Íbàdàn, wọ́n wà l'Ékòó, àwọn mìíràn ti sọdá òkun. Bí wọ́n bá wálé Iléyá tàbí Kérésìmesì, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bá nílé: ilé tó ti ń wó, àti fọ́tò tó ti ń parẹ́. Ohun tí wọn kò tíì rò ó kàn ni pé èkínní lè gba èkejì là.

TA LÓ WÀ LÁRA ÒGIRI?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé Yorùbá kan, kò ní kó máa da aládùúgbò láàmú. Kó ṣáà wọ pálọ̀, kó gbójú sókè wo ògiri. Bàbá onílé ló máa ń wà láàárín gbùngbùn, agbádá lọ́rùn, fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, tí ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ìyálé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó gboyè jáde á tẹ̀lé e, tàwọn ti aṣọ dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin wọn. Ẹni tó lọ Mẹ́kà wà níbẹ̀, ẹni tó lọ Jerúsálẹ́mù náà wà níbẹ̀. Bí férémù ìyàwó kékeré bá wá ṣèèṣì tóbi ju tìyálé lọ, kí olúkúlùkù yáa wá ibi jókòó sí, ìran ti dé nìyẹn! Bí fọ́tò ẹnì kan bá sì déédéé sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, tí kì í ṣe pé okùn ẹ̀ ló já, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ìgbà tí bàbá bá wá kú ni nǹkan tún máa ń dojú rú. Àwọn ọmọ lè pín ilẹ̀, kí wọ́n pín oko, kí ìjà má sì sí. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá yà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ta ni yóò gbé e lọ? Àkọ́bí á ní tòun ni. Àbíkẹ́yìn á ní òun lòun tọ́jú bàbá. Ibi tí wọ́n bá ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, fọ́tò á ya, tàbí kí ẹnì kan gbé e sá lọ sí Èkó, kójú má kàn án mọ́ títí ayé.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ fọ́tò ti wọ àwọn Yorùbá lára. Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fáráyé nílẹ̀ Faransé. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun l'Ékòó. George Da Costa wà níbẹ̀, ọmọ Èkó ni, ilé ìtàwé CMS ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó gbájú mọ́ fọ́tò yíyà ní nǹkan bí 1895. Neils Walwin Holm náà wà níbẹ̀, ọmọ Gold Coast tó ti di Gánà lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà kúrò l'Ékòó, tó dé ìlú kéékèèké.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, ó dúró ti àwọn onífọ́tò ibẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1978 ló gbé ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ní Yorùbá kì í déédéé ya fọ́tò: àgbàlagbà á wọ aṣọ iyì, á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á jókòó bí ẹni iyì ṣe ń jókòó.

Ṣùgbọ́n èyí tó yani lẹ́nu jù nínú ohun tó rí ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère igi ni wọ́n ń gbẹ́ fún un, tí ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, tá á máa bọ́ ọ bí ọmọ. Sprague rí i pé nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò rọ́pò ère. Bí èyí tó kú kò bá ní fọ́tò, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sínú bébà kan, á wá dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Igi ló kọ́kọ́ ń tọ́jú ojú ẹni tó lọ, lẹ́yìn náà fọ́tò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ igi, igi sì tún padà wá láti fi férémù gba fọ́tò mọ́ra.

Lónìí ńkọ́? Inú fóònù ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún fọ́tò lè wà nínú fóònù ẹnì kan, kí olè já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ojúẹlẹ́gbà, kó má ní ẹyọ kan ṣoṣo mọ́. Ṣé olè fóònù á wá gun ògiri pálọ̀ lọ Òtù ni?

IGI ÀNÁ, IGI ÒNÍ

Káfíńtà tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ á sọ fún yín pé igi ju igi lọ. Láyé àtijọ́, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o, ìrókò tàbí apá ló máa ń fi ṣe ilẹ̀kùn, torí pé ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn jẹ. Èyí tí wọ́n ń kó wá sọ́jà pákó lónìí, arère pọ̀ níbẹ̀. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ó sì dára fún iṣẹ́ inú ilé, ṣùgbọ́n bí ikán bá rí i, àsè dé nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí owó ò lè rà. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kún fún omi, bó bá sì ṣe ń gbẹ ló ń súnkì. Ẹni tó bá fi pákó tutù ṣe férémù lóṣù kẹsàn-án, nígbà tójò ṣì ń rọ̀, kó máa retí oṣù kejìlá. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọ Òkè-Ògùn, tí ètè ń bẹ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń sán, igi náà á ṣe tirẹ̀: igun férémù á lanu, pákó á lọ́, gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ti rí ọyẹ́ ogójì ọdún, gbogbo ìyà tí ọyẹ́ fẹ́ fi jẹ ẹ́ ló ti jẹ tán. Òótọ́ ni pé igi kì í jáwọ́ pátápátá nínú wíwú àti sísúnkì, àmọ́ ti ògbólógbòó kì í tó ti ọ̀tun. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé pákó tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé lè dára ju èyí tí wọ́n fi owó gọbọi rà lọ.

Ẹ wá wo inú igbó fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òkè-Ògùn kọjá á ti rí àpò èédú tí wọ́n tò sétí títì. Igi ọ̀dàn ni gbogbo ẹ̀. Kósò náà tún wà, igi pupa tí àwọn òyìnbó ń pè ní rosewood, tí àwọn ará Ṣáínà ń fi ṣe àga olówó ńlá. Wọ́n gé e nílẹ̀ Nàìjíríà débi pé lọ́dún 2016, ní ìpàdé àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó tó wáyé ní Johannesburg, wọ́n fi í sára àwọn igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà sílẹ̀ òkèèrè láìgba ìwé àṣẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni òfin náà ti múlẹ̀. Ọgbà igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tó di ọgbà àpapọ̀ lọ́dún 1991, tó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tòsí ibẹ̀ ló wà. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, torí igi tó bá ti tán níta, inú ọgbà lojú olè ń lọ.

Férémù kan kò lè dá igbó padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ti gé láti àádọ́ta ọdún, tó ṣì gbó keke, kí ni wọ́n ń sun ún fún?

ILẸ̀KÙN TÍ AYÙN KÒ GBỌDỌ̀ KÀN

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn, ẹ dúró ná o. Ìlẹ̀kùn kan wà tí kì í ṣe ìlẹ̀kùn férémù. Bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tí ènìyàn, ẹṣin, ejò tàbí ọọ̀nì wà lára rẹ̀, tàbí òpó ilé tí wọ́n gbẹ́ bí ìyá tó pọn ọmọ, ẹ má ṣe fi nǹkan kàn án. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́dún 1979 dárúkọ òpó ilé àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ mọ́ àwọn ohun àtijọ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọdún 1918, tàbí tó jẹ́ iṣẹ́ ọnà pàtàkì tí wọ́n ti lò rí fún ètùtù àti ayẹyẹ ìbílẹ̀, òfin ti fọwọ́ mú un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, tó kú lọ́dún 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ọgọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí lọ́dún 1924 níbi àfihàn ńlá kan ní London, ojú wọn ò sì lè kúrò lára rẹ̀. Títí dòní, inú British Museum ló wà. Ẹ wo bó ṣe máa rí ká ní ẹnì kan ti fi ṣe igi ìdáná! Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sọ fún olórí ẹbí, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà n'Íbàdàn. Àwọn tó ń wọ abúlé kiri, tí wọ́n ń ní "ẹ wá tà á fún wa, ó ti gbó", ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Pákó gbọọrọ tí kò ní ọnà kankan lára lèyí tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN Ọ̀DÀ ÀTI ÌṢÓ

Ọ̀dà tó wà lára ilẹ̀kùn àtijọ́ lè ní òjé nínú. Májèlé ni òjé, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Nítorí náà, ẹ má fá ọ̀dà gbígbẹ nínú ilé, ẹ má fi iná yọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé tàbí aláboyún wà nítòsí. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fi sánpépà há a, kí eruku má baà fẹ́, ẹ lo ìbomú tó lè dá eruku wẹ́wẹ́ dúró, kẹ́ ẹ sì kó èérí rẹ̀ dànù sínú ọ̀rá. Ẹ rántí pé ẹni tó ń fi pákó ọlọ́dà dáná, èéfín òjé yẹn ló ń fà símú, òun àtọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Pákó tí wọ́n bá ti fi òróró ẹ́ńjìnnì tàbí oògùn ikán kùn bámúbámú náà kò yẹ fún inú yàrá.

Ti ìṣó rọrùn. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ máa fà á gba ojú pákó. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ayùn tó débẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ihò wẹ́wẹ́ tí ìyẹ̀fun funfun ń jáde nínú ẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú igi náà. Ẹ má gbé e wọlé, kó má baà kó ran àga.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù lára ògiri, èyí tó jẹ́ ínǹṣì 8 nípa 10. Ẹ gbé pákó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà tó ní ẹ̀rọ, kó là á sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2. Bí ilẹ̀kùn bá ga ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ààbọ̀, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ sì le, ó lè mú nǹkan bíi mẹ́rìnlá jáde. Ẹ yọ èyí tó jẹrà, ẹ yọ èyí tí ìṣó ti bà jẹ́, ká ní ìdajì ló bá a lọ. Ojú férémù kan kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn kan péré lè fún ọmọ mẹ́fà ní ojú férémù kọ̀ọ̀kan, kí ó tún ṣẹ́kù!

Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì á jẹ́ ínǹṣì 13 àti 5/8 níta, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì á jẹ́ 11 àti 5/8. Igun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á gé ní dáyágónà, kí ojú méjèèjì lè pàdé. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ìwọ̀n, kó mú bébà onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, kó ká a láti igun kan dé igun kejì, ìlà tó bá yọ níbẹ̀ ni kó fi sàmì sára igi. Ẹni tí èyí bá ṣì ṣòro fún, kó gé e gbọọrọ, kó fara tira, kó wá fi pílàyíwúùdù onígun mẹ́ta kan ẹ̀yìn igun kọ̀ọ̀kan pa. Ojú ò ní rí i.

Kí gíláàsì lè ríbi jókòó, ẹ lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tó fẹ̀ ní ínǹṣì 1 àti 3/4 mọ́ ẹ̀yìn férémù, kí etí ìta wọn dọ́gba. Ààlà 1/4 ínǹṣì tó bá ṣẹ́kù nínú ló máa gba gíláàsì dúró. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ gé róbà tíúbù mọ́tò tó ti bẹ́, ẹ fi de férémù yíká gírígírí, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Àmọ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ tún wọn méjì yòókù. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, férémù yín dúró ṣánṣán. Bí wọn ò bá bára mu, ó ti wọ́, ẹ tún un fà kó tó le.

Ọ̀ṣọ́ wá kù. Àwọn kan ò ní fá gbogbo àpá ayé àtijọ́ dànù: ojú ihò ìṣó àti ojú ibi tí ọwọ́ ti ń di ilẹ̀kùn mú á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á kàn fi fáníìṣì kùn ún. Ẹlòmíràn á fi irin gbígbóná ya iṣẹ́ ọnà sí i bíi ti igbá. N'Ísẹ́yìn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ òkè, etí aṣọ tí àwọn ahunṣọ gé kù lè di ọ̀ṣọ́ tí wọ́n lẹ̀ yí etí inú férémù ká. Owó ẹyọ náà ń gbé e yọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀ṣọ́ má pọ̀ ju ojú bàbá lọ o!

FỌ́TÒ FÚNRA Ẹ̀ Ń KỌ́?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọn a gbé fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì tààrà. Nígbà tí òjò bá mú kí inú ilé rin, ojú fọ́tò á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kò sì ní ṣeé bọ́ mọ́. Ẹni tó bá fà á, imú bàbá á kù sára gíláàsì. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́, bíi 1/8 ínǹṣì, yí etí fọ́tò ká, kí àlàfo díẹ̀ wà. Èyí tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ má fà á, ẹ fi fóònù tàbí ẹ̀rọ ya ẹ̀dà rẹ̀ bó ṣe wà.

Oòrùn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ fọ́tò. Ẹ wo àwọn fọ́tò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n yà láàárín ọdún 1970 sí 1989, ọ̀pọ̀ wọn ló ti pọ́n bí ẹyin iná, nígbà tí dúdú-òun-funfun tó jù wọ́n lọ ṣì mọ́ kedere. Ògiri tí oòrùn ò ń kàn ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀, ẹ fi ìdérí ìgò tàbí páálí líle há a lẹ́yìn nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ikán má sì rí afárá gùn.

Ojúlówó fọ́tò gan-an, ẹ má gbé e kọ́ rárá. Ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà ni kó máa jìyà lára ògiri. Ibẹ̀ sì ni ìjà ọmọ bàbá parí sí: ẹ̀dà mẹ́fà, férémù mẹ́fà, ilẹ̀kùn kan náà. Àkọ́bí gbé tirẹ̀ lọ Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn gbé tirẹ̀ lọ Èkó. Fọ́tò bàbá nìkan kọ́ ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ilẹ̀kùn tí bàbá ń ṣí jáde láràárọ̀ náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èwo ni wọ́n fẹ́ máa fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ mọ́?

OWÓ WÀ NÍBẸ̀, ṢÙGBỌ́N Ẹ ṢÍRÒ Ẹ̀ DÁADÁA

Fún ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, oúnjẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Póòlì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, ọgbà LAUTECH kan wà n'Ísẹ́yìn, n'Ísẹ́yìn náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ gba àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ẹni tó gboyè jáde á fẹ́ férémù, agùnbánirọ̀ tó wọ káákì fún ìgbà àkọ́kọ́ á fẹ́ férémù. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ìfẹ̀yìntì, kò sí èyí tí kò ní fọ́tò nínú. Férémù oníke tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà pọ̀ lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dupò lórí ẹ̀dínwó. Ohun tí oníke kò ní ni ìtàn. Ẹni tó wà ní London tí wọ́n bá sọ fún pé ara fèrèsé yàrá ìyá ẹ̀ ni wọ́n ti gé férémù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yìí, ṣé ẹ rò pé á dúnàádúrà títí?

Àmọ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é má tan ara ẹ̀. Pákó lè jẹ́ ọ̀fẹ́, gíláàsì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kó ṣírò gíláàsì, gọ́ọ̀mù, sánpépà, fáníìṣì, owó ẹni tó bá a la igi, owó ọkọ̀, kó sì fi owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń jìn sí kòtò ni pé wọ́n ń ka owó ọjà, wọn kì í ka owó òógùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń tijú pé àwọn èèyàn á máa pe òun ní akólẹ̀kódọ̀tí, kó wo El Anatsui. Ọmọ Gánà ni, láti ọdún 1975 ló sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nsukka kó tó fẹ̀yìn tì. Odó tó ti gbó, tí àwọn èèyàn ti jù nù, wà lára ohun tó fi ṣe iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Lọ́dún 2015, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice nílẹ̀ Ítálì, ọ̀kan nínú àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lágbàáyé fún oníṣẹ́ ọnà. Odó àlòkù o!

Àwọn àgbà ti sọ ọ́, wọ́n ní ohun a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èépo igi. Bí aṣẹ́gità bá lè náání èépo, ọmọ onílé ò gbọdọ̀ kó ìlẹ̀kùn ìrókò fún iná jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wó ilé àtijọ́ nílé, kí káfíńtà tó dé pẹ̀lú òòlù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ilé, kẹ́ ẹ sì yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà wò. Bí ẹ bá bá pákó níbi kan, tẹ́ ẹ bá fọ́tò níbì kejì, iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnì kan yáa lọ gba àáké lọ́wọ́ ìyá, kó sì bá a ra gáàsì.